Alẹ́ Méjìlélógún Tí A Gbà Lọ́wọ́ Olójò

Ọ́fíìsì Àtẹ Iṣẹ́,
Àjà Kìíní, Ilé Ìwòsàn Ńlá.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Fọwọ́ Sí Ìwé Ẹ̀rí Àwọn Dókítà,
Yàrá Kejìlá, Ilé Ìgbìmọ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ MÁ WỌ́GI LÉ ỌDÚN ÌKỌ́ṢẸ́ DÓKÍTÀ KAN NÍTORÍ OHUN TÍ ÈMI ṢE

1. Èmi ni mò ń pín iṣẹ́ fún àwọn dókítà ilé ìwòsàn yìí. Èmi ni mò ń kọ ẹni tí yóò ṣe ọ̀sán àti ẹni tí yóò ṣe alẹ́. Mo rí lẹ́tà tí ẹ kọ ní ọjọ́ kejì oṣù yìí. Ẹ ní ọ̀kan nínú àwọn dókítà wa tó ń kọ́ṣẹ́ ṣe alẹ́ méjìdínlógójì péré nínú ọgọ́ta tí òfin béèrè. Ẹ ní ó jọ pé ó ń sá fún iṣẹ́ alẹ́, àti pé ẹ ó jókòó ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n láti pinnu bóyá kí ẹ wọ́gi lé ọdún rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù, nítorí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kò sá. Èmi ni mo lé e kúrò níbẹ̀.

2. Ẹ gbà mí láyè kí n ṣàlàyé bí yàrá àwọn dókítà ṣe máa ń rí lálẹ́. Àwọn tó fi ọdún méje kàwé nípa ara èèyàn, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé iṣẹ́ fúyẹ́ lónìí. Ẹni tó bá sọ ọ́, wọn á ní kó jáde, kó tún kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Wọn kì í tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì ìsinmi kí aago méjì tó lù, torí wọ́n ní aláìsàn ni bẹ́ẹ̀dì tí a bá ti tẹ́ ń pè. Dókítà àgbà wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Sálúbàtà, ti ń wọ sálúbàtà kan náà ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹsẹ̀ kan ti já, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Mo ra tuntun fún wọn. Wọ́n ní, "Màdámù, ẹ ṣeun, àmọ́ ṣé ẹ fẹ́ pa èèyàn ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Eré ni mo pè é.

3. Kì í ṣe eré fún ẹni tó kàn. Ní oṣù kẹta tí dókítà yìí dé ọ̀dọ̀ wa, aláìsàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti sọ ọ́ ní Olójò: bó bá ti dé, òjò aláìsàn dé nìyẹn. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kí i: "Olójò ti dé o! Ẹ wá agbòjò!" Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ìrì lásán ni tòní." Nígbà tó yá, á kàn tẹrí ba, á gba ọ̀dọ̀ aláìsàn lọ.

4. Ní oṣù keje tó ti wà lọ́dọ̀ wa, dókítà mẹ́rin wá sí ọ́fíìsì mi, Bàbá Sálúbàtà ló ṣáájú wọn. Wọ́n ní àwọn ò bá a ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́. Bàbá ní, "Ọmọ dáadáa ni, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀ wúwo lálẹ́." Ẹ̀yin Ọ̀gá, ilé ẹ̀kọ́ òwò ni mo lọ. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé ohunkóhun tó bá ń dá iṣẹ́ dúró, kí a tètè gbé e kúrò lọ́nà. Ọjọ́ náà ni àtẹ oṣù tuntun gbọ́dọ̀ jáde, mi ò sì fẹ́ràn ìdádúró. Mo fi pẹ́ńsù fi àmì tíńtín kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò ọ̀sán, mo sì pín alẹ́ rẹ̀ fún àwọn yòókù. Tíì tí mo bù kí wọ́n tó wọlé ṣì ń gbóná nígbà tí mo parí. Orí mi wú.

5. Mo pè é láti sọ fún un. Mo ti múra sílẹ̀ de àròyé, ṣùgbọ́n kò rojọ́ kankan. Ó ní, "Ẹ ṣé, ma. Bóyá ó máa sàn fún àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀." Mo ní kó fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà yín ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: òun náà ti gbà pé òun ló ń fa àìsàn wọlé.

6. Mo wá kó gbogbo ìwé tí a fi ń gba aláìsàn lálẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kà wọ́n. Mi ò ní purọ́ fún yín: aláìsàn máa ń pọ̀ lóòótọ́ bó bá wà níbẹ̀. Bí a bá pín in dọ́gba, mọ́kàndínlógún ni ti alẹ́ tirẹ̀, mẹ́rìnlá ni ti àwọn yòókù. Ìdí rẹ̀ méjì ni mo rí.

(a) Mọ́kànlélógún nínú alẹ́ tó ṣe ló jẹ́ alẹ́ òpin ọ̀sẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ pé ó máa ń le. Mẹ́sàn-án ni mo fún un. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi pàṣípààrọ̀ gbé méjìlá yòókù lé e lórí. "Olójò, ṣáà bá mi ṣe tèmi. Òjò ò kúkú lè pa ẹja."

(b) Mo lọ bá àwọn awakọ̀ tó ń gbé aláìsàn níbi tí wọ́n ń jókòó sí lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Màdámù, tá a bá pe àwọn tó kù lórí fóònù, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀dì ti tán. Olójò kì í sọ bẹ́ẹ̀. Á ní ká gbé e máa bọ̀, ká jọ wá àyè. Ká tó jáde nílé lálẹ́ la ti ń béèrè bóyá òun ló wà níbẹ̀."

7. Lẹ́yìn tí mo gbé e kúrò, iṣẹ́ alẹ́ fúyẹ́. Bàbá Sálúbàtà pàdé mi ní géètì, wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí nǹkan?" Mo ní mo rí i. Mi ò rí nǹkan kan. Àwọn tí kò wá sọ́dọ̀ wa kò tìtorí bẹ́ẹ̀ yá. Ilé ìwòsàn tó wà lódì kejì afárá ni wọ́n ń gbé wọn lọ, ogójì ìṣẹ́jú sí i. Awakọ̀ náà sọ ti télọ̀ kan fún mi, tí apá ọ̀tún rẹ̀ ṣàdédé kú. Iwájú géètì wa ni wọ́n gbé e gbà kọjá, torí a ti ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Mo yẹ ìwé alẹ́ ọjọ́ náà wò: bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta ló ṣófo. Télọ̀ náà yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́. Mi ò lè búra pé ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ó yà sọ́dọ̀ wa. Mi ò sì lè búra pé kì bá tí sàn.

8. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi àwọn dókítà wa sùn. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká ikú, á wá nǹkan ṣe sí bẹ́ẹ̀dì àti bàtà. Ìyẹn yé mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n kàn fi ẹnu sọ tiwọn ni; èmi tí mi ò gba ìkankan gbọ́ nínú rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo lu òǹtẹ̀ lé e.

9. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ má wọ́gi lé ọdún rẹ̀. Ẹ fún un ní oṣù mẹ́ta kó fi ṣe alẹ́ méjìlélógún tó kù. Ẹ yọ gbólóhùn tó ní ó ń sá fún iṣẹ́ kúrò nínú fáìlì rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ́fíìsì mi ló dá a dúró. Mo ti to alẹ́ mẹ́jọ sílẹ̀ fún un lóṣù tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a ṣe pàṣípààrọ̀ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i. Bàbá Sálúbàtà ti gbà láti bá a ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n ní àwọn máa wọ sálúbàtà o. Mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ méjèèjì.

10. Àtẹ tí mo fi gbé e kúrò lálẹ́ wà nínú àpò ìwé yìí. Mo pa àmì pẹ́ńsù yẹn rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí ojú rẹ̀. Mo fi àwọn iye tí mo kà han dókítà náà. Ó fara balẹ̀ wò ó títí. Ó wá bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn fẹ́ tù mí nínú, ma?" Kò ní ìdí tó fi yẹ kó gbà mí gbọ́. Ìwé ni mo fi ṣe é níbi, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò lè tún un ṣe. Ìwé tiyín lè ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tó pé.

Mo dúpẹ́ pé ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí àṣìṣe yìí wà lọ́rùn rẹ̀,

Alákòóso Àtẹ Iṣẹ́ Àwọn Dókítà.