Orí Tí Káfíńtà Gbẹ́ fún Gìtá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ti ń fi pamọ́ fún ọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí bí mo bá kí ọ tán, ẹ̀rù á tún bà mí, màá sì yí ọ̀rọ̀ sí bí òjò ṣe ń rọ̀. Mo ti lọ́kọ. Ìyá rẹ, èmi tí o mọ̀ yìí, mo ti lọ́kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹlẹ́rìí méjì péré ló wà níbẹ̀, inú mi sì ń dùn débi pé mo rán apá aṣọ oníbàárà mi kan mọ́ ibi ọrùn láàárọ̀ àná, mi ò mọ̀ títí obìnrin náà fi dé tó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ wò.

Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ikọ́ ọjọ́sí ti lọ? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣeré orin ń ṣe dáadáa sí ọ? Àwa náà wà dáadáa níbí, ju dáadáa lọ. Mo ń gbà á ládùúrà lójoojúmọ́ pé kí mọ́tò tó bá gbé ọ lọ máa gbé ọ bọ̀, kí ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá má ṣe rí àrùn, nítorí àwọn lo fi ń jẹun.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Fóònù tí o rà fún mi dára, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí à ń pè ní àṣírí. Láti ìgbà tí mo ti tẹ ibì kan tí mi ò mọ̀ lára rẹ̀, gbogbo ohun tí ènìyàn bá sọ ló ń pariwo jáde. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin pè mí níjọ́sí láti fi ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sùn mí, oníbàárà mẹ́ta ló jókòó tì mí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì dá a lóhùn kí n tó lanu, ọ̀kan tilẹ̀ ní òun náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́tà sàn. Lẹ́tà máa ń pa ẹnu mọ́ títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹni tí mo fẹ́ ni káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́yìn ilé ìwé. Mo ṣì ń pè wọ́n ní Káfíńtà, ẹnu mi ò tíì gba orúkọ mìíràn, àwọn náà sì ń pè mí ní Ìyá Aránṣọ bí ẹni tó wá gba ṣòkòtò. Bí o bá fẹ́ bínú, ọmọ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí o bínú sí. Ṣé o rántí pé nígbà tí orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́, ìwọ lo fi ẹ̀rọ oníná ránṣẹ́? Ẹ̀rọ náà dé láìní tábìlì, mo bá bẹ káfíńtà pé kí wọ́n wá kan ọ̀kan fún mi. Wọ́n kàn án. Lọ́jọ́ kejì wọ́n padà wá, wọ́n ní ọkàn àwọn kò balẹ̀, pé ó dà bíi pé ẹsẹ̀ kan ń mì. Wọ́n gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní ẹsẹ̀ kejì ti wá gùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Ìgbà tí wọ́n wá lẹ́ẹ̀karùn-ún ni mo tó fi ọwọ́ ara mi ti tábìlì náà wò, mo rí i pé kò mì rí, àti pé bí mi ò bá tètè dá ọkùnrin yìí lóhùn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni màá ti máa ránṣọ. Mo dá wọn lóhùn. Nítorí náà, ìwọ lo mú wọn wọlé wá. O wà ní ìlú ńlá ni, o ò mọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ gìtá ló kàn báyìí, òun gan-an ló sì mú kí lẹ́tà yìí gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló tú àṣírí rẹ. Ó ní nígbà tí ẹ ń lọ ṣeré níbì kan, wọ́n ju gìtá gígùn rẹ sí ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n kó ẹrù lé e, orí rẹ̀ sì kán. Ó ní o ti ń tọ́jú owó láti ra gìtá oníná kékeré kan tí kò lórí, tí o máa fi máa rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n owó náà lo fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi. Ọmọ mi, mo sunkún. Ohun tó yé mi ni pé nítorí orúnkún mi, ọmọ mi fẹ́ lọ ra gìtá tí orí rẹ̀ ti kán, bí ẹni tó ń ra bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo sọ fún Káfíńtà. Wọ́n yọ pẹ́ńsùlù kúrò lẹ́yìn etí wọn, wọ́n bi mí pé ṣé orí nìkan ló kù. Wọ́n ní bó bá jẹ́ orí nìkan ni, kí n nu ojú mi nù, àwọn á gbẹ́ ọ̀kan.

Wọ́n sì gbẹ́ ẹ. Igi pupa kan tó le ni wọ́n lò, wọ́n họ ọ́ títí ó fi ń dán bí ẹyin. Wọ́n lu ihò mẹ́fà sí i, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, nítorí wọ́n kà á lára gìtá tó wà lọ́wọ́ rẹ nínú àwòrán ara ògiri mi. Owó tí a fẹ́ fi ṣe àsè kékeré lẹ́yìn ìwé tí a fọwọ́ sí la kó sápò, a wé orí gìtá náà sínú aṣọ, a wọ mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò orin. Káfíńtà kò jẹ́ kí a kúrò ní gáréèjì bọ̀rọ̀. Wọ́n gun inú mọ́tò ńlá tó ń lọ ọ̀nà jíjìn, wọ́n fi tépù wọn pẹpẹ tí èrò ń gbé báàgì sí lókè orí wọn, gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, gíga rẹ̀, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára pákó kékeré. Awakọ̀ rò pé ilé iṣẹ́ ló rán wọn wá tún un kàn, ó ní kí wọ́n má gbàgbé àga tòun náà o, ó ti ń gún òun nídìí.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, a sọ fún ọmọbìnrin tó ń tajà pé kó bá wa wá gìtá oníná kékeré tí kò lórí, pé a ti gbé orí wá láti ilé. Ó wo orí náà, ó wo wá, ó ní ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó gbé gìtá méjì kalẹ̀, kò sí èyí tó lórí nínú wọn, ó sì ṣàlàyé fún wa pé wọn ò kán, pé bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n nìyẹn. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń fún okùn le, tó máa ń wà lórí, wọ́n ti kó wọn lọ sí ìdí rẹ̀ kí gìtá lè kúrú fún ìrìn àjò. Mo béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ọmọ mi, èyí tí kò lórí wọ́n ju èyí tó lórí lọ. Mo ní irú ọjà wo lèyí tí wọ́n yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀ tó tún wá wọ́n sí i. Káfíńtà fọwọ́ kàn mí pé kí n rọra, wọ́n ní àwọn náà ti ta àga tí kò lápá lówó gọbọi rí.

Wọ́n mú tépù jáde. Gìtá gígùn kan wà lára ògiri, wọ́n kọ́kọ́ wọn ìyẹn, ó fi bí ìgbọ̀nwọ́ kan gùn ju pẹpẹ mọ́tò lọ. Àwọn méjì tí kò lórí wọ pẹpẹ náà, àyè tún ṣẹ́ kù tí o lè fi ṣẹ́ẹ̀tì sí. Èwo wá ni ká mú? Káfíńtà fẹ́ èyí tó kúrú jù. Èmi béèrè nípa okùn, nítorí ohun tó ń já mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ kò ṣàjèjì sí mi. Ọmọbìnrin náà ní okùn ti kúkúrú yẹn gbọ́dọ̀ ní kókó lápá ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń tà á, ṣùgbọ́n èkejì ń gba okùn tí gbogbo ayé ń lò. Mo ní èkejì la fẹ́. Mo ní bí okùn bá já mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́ níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó bá rí ni kó ti rí òmíràn rà. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi kán ní ọjọ́ tí ìyàwó kan ń dúró de aṣọ, tí irú rẹ̀ kò sí nítòsí, mi ò lè gbàgbé ohun tí ojú mi rí. Ọmọbìnrin náà bi mí pé mà, ṣé ẹ ti ta gìtá rí ni. Mo gbé ọrùn sókè díẹ̀.

Ó ku ká gbọ́ ohùn rẹ̀. Káfíńtà ti wọ bàtà rọ́bà láti ilé nítorí pé a gbọ́ pé ó ń lo iná, síbẹ̀ ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi kàn án. Ó dún tíntín bí ẹ̀fọn. Wọ́n ní ó ti kú. Ọmọbìnrin náà ki wáyà bọ̀ ọ́, ó fi nǹkan bo etí wọn méjèèjì, ó ń ta okùn náà, àwa yòókù ò gbọ́ nǹkan kan, àfi bí mo ṣe rí i tí Káfíńtà ń mi orí, tí èjìká wọn ń gbọ̀n, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí òfìfo. Mo rò pé iná ti gbé wọn. Mo sáré fa wáyà yọ. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n dá a padà, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ni. Nígbà tó kan èmi náà, ó dà bíi pé o jókòó sí àárín orí mi, bí o ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí o wà nílé ìwé, tí màá ní kí o wá jẹun, tí wàá ní ó ku ẹyọ kan. Gìtá náà mọ àṣírí pa mọ́ ju fóònù mi lọ. A sanwó. Ìgbà tí a sanwó tán la tó gbọ́ pé àpótí tó ń mú un pariwo síta, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á. Orí kò sí, ẹnu tún wà ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, jọ̀ọ́, bí o bá ní ẹnu ti gìtá àtijọ́ lọ́wọ́, gbé e bọ̀, bí kò bá sì sí, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká lè lọ rà á.

Ọmọ mi, ó ku ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára gìtá náà láàárín ọdún kan, wọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ padà dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó pé ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹni tó ni gìtá sì fọwọ́ sí i. Káfíńtà ló kọ ọ́ nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn dára. Ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹni tó rà á jẹ́ sí ẹni tó ni ín, wọ́n kọ “bàbá” síbẹ̀. A jáde sí ìta. Níbẹ̀ ni mo ti bi wọ́n pé ta ló fún wọn láṣẹ. Wọ́n dúró létí títì, wọ́n fi orí tí wọ́n gbẹ́ há abíyá, wọ́n ní àwọn ò rí àyè tí wọ́n lè kọ “ẹni tó gé ẹsẹ̀ tábìlì ìyá rẹ̀” sí. Wọ́n fúnra wọn ló padà wọlé láti pa á rẹ́. Ọmọbìnrin náà ní wọn kì í gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ti pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀, kò sì sí òmíràn. Fọ́ọ̀mù náà wà lábẹ́ ẹ̀rọ mi níbí. Ọwọ́ rẹ ló kù.

Bí kò bá wù ọ́ láti fọwọ́ sí i, gìtá ṣì jẹ́ tìrẹ. Àwa méjèèjì la jọ sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbàgbé bàbá rẹ, ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kú kò lè pa wọ́n rẹ́ lọ́kàn mi, Káfíńtà kò sì ní kí n gbàgbé. Mo ti ń rán àpò gìtá náà, tapólì tó nípọn tí Káfíńtà fi ń bo pákó wọn ni mo fi rán ìta rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ní bóyá kí a fi kóòtù bàbá rẹ ṣe inú rẹ̀, kí ohun tó ń bo bàbá lè máa bo gìtá ọmọ. Mi ò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn án. Kóòtù náà wà lórí ìkọ́ rẹ̀, ìwọ ni wàá sọ.

Orí tí kò rí gìtá jókòó lé, wọ́n ti kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ, wọ́n ki igi róbótó mẹ́fà bọ ihò rẹ̀ kí o lè máa fi fìlà àti ṣẹ́ẹ̀tì kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ni wọ́n wọ yàrá rẹ. Mo ń wò wọ́n láti ìdí ẹ̀rọ. Wọ́n kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún ẹ̀rọ, fún orúnkún mi, fún tábìlì tí kò mì. Ohun tí o fi sílẹ̀ nítorí mi, ìlọ́po rẹ̀ ni kó máa wá ọ wá. Níbi gbogbo tí o bá ti lanu orin, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí o tètè sinmi. Kí ilé máa wù ọ́ í bọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó tuntun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Fọ́ọ̀mù náà á pé ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́jọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù kọkànlá, a ò sì tíì ṣe àsè wa, ẹ̀yin là ń dúró dè. Ìwọ, ẹ̀gbọ́n rẹ, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, kí gbogbo yín ti wà nílé kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá.