Ṣírí Àgbàdo Tí Ẹ Kọ́ Sókè Ààrò

Bàámi ọ̀wọ́n,

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó gbọ́ eléyìí. Ká ní ẹ wà láyé ni, mi ò bá ti sá kọjá bọ́dà, n ò bá ti dé Kútọnu, kí n tó lè sọ ọ́.

Irúgbìn àgbàdo yín, èyí tí bàbá yín fi lé yín lọ́wọ́, ti tán. Èmi ni mo run ún.

Lẹ́yìn tí a sin yín, Màámi ra irúgbìn alápò ní Ìláròó. Àgbàdo ọ̀hún ga tó òpó iná, ṣírí rẹ̀ tó apá mi. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àpò pé a ò gbọdọ̀ tún èso rẹ̀ gbìn, ká padà wá ra òmíràn. Inú bí mi. Ohun tí a fowó rà, tó hù lórí ilẹ̀ wa, ta ni yóò sọ bí a ó ṣe lò ó fún wa? Mo ṣa èyí tó dára jù, mo fẹ́ kọ́ ọ sókè ààrò. Àyè ò sí. Tiyín ló wà níbẹ̀, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo yín in fún adìẹ.

Bàámi, nígbà tí tèmi hù, ọ̀kan ga, èkejì ò ju orúnkún mi lọ. Ṣírí wọn ká léyín, àlàfo ibẹ̀ fẹ̀ ju ihò tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Ìbéṣè. Mo gbé ọ̀kan lọ bá ọkùnrin tó ta irúgbìn fún wa.

“Ṣé o ò ka ẹ̀yìn àpò ni?”

“Mo kà á. Mo rò pé olè ni yín ni.”

Ó ní ọmọ irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ kì í jọ ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn ò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀? Òfin tí kò ní àlàyé, ta ni kò ní pè é ní ìrẹ́jẹ?

Ẹ̀yin náà ní òfin. Ẹni tó bá gba irúgbìn lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ kọ́ ṣírí kan sókè ààrò rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, kò gbọdọ̀ tà á. Mo máa ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ pé ohun tí ẹ ti fi tọrẹ, kí ló tún kàn yín níbẹ̀? Ẹ ó kàn máa fi èékánná kan eyín àgbàdo wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo wá gbogbo ẹni tí ẹ fún kiri. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Àbúrò yín obìnrin ní Ìdógò nìkan ló ṣì ní ṣírí kan, kòkòrò sì ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ẹyọ méje péré ló ṣì le. Kó tó fi lé mi lọ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

“Tìẹ kọ́ o. O kàn ń bá bàbá ẹ gbé e ni.”

Mo gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín. Méjì ló hù. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan. Mo fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mi bo èyí tó kù. Ẹ̀fọn Ayétòrò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ mi tán.

Àgbàdo kan ṣoṣo tí kò ní èkejì, ṣé ó lè yọmọ, Bàámi? Ẹ ò kọ́ mi nìyẹn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń sùn láìní nẹ́ẹ̀tì, tó sì fẹ́ràn yín.