Bàbá Tí Ẹ Ń Kí Lọ́jọ́ Sátidé

Olóòtú wa, ẹ kú làálàá, ẹnu yín kò ní kan o. Ẹ jọ̀ọ́, àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ ka lẹ́tà yìí, nígbà tí ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó kò ní jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ ọ níbi iṣẹ́.

Ọmọ mi káfíńtà ló máa ń pè yín ní gbogbo Sátidé pé kí ẹ fi orin kí bàbá òun tó ń gbọ́ yín nílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ tiẹ̀ dápàárá pé, "Bàbá, ẹ rọra jó o, kí ìdí má lọ yẹ̀."

Olóòtú, bàbá yẹn ti kú láti ìgbà òjò. Ọmọ náà kò tíì sunkún. Mo ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ ti lọ." Ó ní, "Mo mọ̀, Màámi. Ẹ yí rédíò sókè." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní àfi ká mú un lọ rí dókítà.

Ṣé kí ẹ má gba ìpè rẹ̀ mọ́ ni, àbí kí ẹ máa bá a kí i lọ? Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i kí Sátidé tó dé. Torí nígbà tí ẹ ní kí Bàbá rọra jó yẹn, èmi náà ti dìde, mo ti yí ojú rédíò sí ìhà àga rẹ̀, kí n tó rántí.