Ẹ Tún Bi Mí Léèrè

Ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí mo fi kúrò nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè jáde lọ́wọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí kì í ṣe í tètè jáde lẹ́nu mi. Tíṣà wa máa ń sọ pé ẹni tó bá ń kọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Nítorí náà, ṣé ara yín le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín lánàá ti fúyẹ́? Mo mọ̀ pé ó rí bákan kí ìyàwó jókòó sí yàrá, kó máa kọ lẹ́tà sí ọkọ tó ń kan ìṣó mọ́ àga lẹ́yìn ògiri. Mò ń gbọ́ òòlù yín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Bébà tí ẹ fi ń gé àwòṣe aṣọ àga ni mo lò. Ẹ dárí jì mí, igun rẹ̀ nìkan ni mo gé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, àmọ́ ó wúwo. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, tí èmi, ẹ̀yin àti Màmá jókòó síwájú dókítà, ó ní Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n máa gé ọmú mi ọ̀tún kí jẹjẹrẹ náà má bàa tàn. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú. Ó wá fi báírò ya àwòrán sórí ìwé, ó ní lọ́jọ́ kan náà, àwọn lè mú ẹran díẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn mi, kí àwọn fi ṣe ọmú mìíràn síbẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìyàwó, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

Mo tẹrí ba. Ẹ mọ̀ mí. Bí wọ́n bá bi mí bóyá mo fẹ́ mu omi pàápàá, màá kọ́kọ́ tẹrí ba ná. Áńbọ̀tórí ọ̀rọ̀ ọmú, níwájú yín, níwájú ìyá yín, níwájú ọkùnrin tó fi dígí sójú. Màmá ló bá mi dáhùn: "Ẹ gé e kó yè. Ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ikùn tí a ń retí ọmọ nínú ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án." Ẹ̀yin wolẹ̀. Dókítà kọ ọ́ pé n ò fẹ́, ó sì pe ẹlòmíì wọlé.

N ò bínú sí Màmá. Ìrètí wọn ló wà nínú ikùn yẹn. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan tó ga bí òpó iná sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní oògùn tí mo máa lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ á kọ́kọ́ ní kí a ṣe sùúrù lórí ọ̀rọ̀ oyún ná, wọn ìbáà mú ẹran níkùn, wọn ìbáà má mú un. Ó ní àwọn tó ti ṣe é rí ṣì ń bímọ, tí dókítà bá ti ní ó yá. Ó sì sọ èyí tí kò dùn: ojú ọgbẹ́ á di méjì, ìrora á pọ̀ sí i, ọmú tuntun náà ò sì ní mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án. Ó ní mo ṣì lè yí i padà nígbà tí wọ́n bá ń gbà mí wọlé lọ́sàn-án ọ̀la, àmọ́ ẹnu tèmi ni kó ti jáde.

Lánàá, mo ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò irinṣẹ́ yín, mo bá rí fóòmù tí ẹ gé róbótó, tí ẹ fi aṣọ funfun bò, tí ẹ rọra rán ẹnu rẹ̀ bí aṣọ ọmọ tuntun. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi wọn ọmú mi òsì. Ó ṣe rẹ́gí. Ọkọ mi, láti oṣù márùn-ún tí a ti fẹ́ra, èmi ni mò ń pa iná kí n tó bọ́ṣọ. Ẹ ò rí i rí. Ibo lẹ ti mọ̀ bó ṣe tó? Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Nígbà tí ẹ bi mí, mo ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílé lánàá.

Mo fi sáyà wò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbálẹ̀, ó bọ́, ó yí lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ló tún di ẹkún.

Ẹ má rò pé mo kọ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ ti gbà lóòótọ́ pé n ò fẹ́. Mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ jí lójú oorun yẹn, kí n fọwọ́ kan àyà mi, kí n bá nǹkan níbẹ̀. Ohun tó ń já mi láyà ju abẹ lọ ni pé wọ́n á bi mí lọ́la, màá tún tẹrí ba, wọ́n á sì gbé mi wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ tún bi mí léèrè lónìí, kí Màmá má sí níbẹ̀. Ẹ má wojú mi, ẹ lè máa kan ìṣó yín lọ. Tí mo bá ti lè sọ "mo fẹ́" sí yín létí, màá lè sọ ọ́ níbikíbi. Bí ọkàn yín ò bá sì gbà á, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Àmọ́ ẹ bi mí. Lẹ́yìn náà, mi ò ní fa kọ́tìnì. Ojú ọjọ́ ṣì mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rí i kí wọ́n tó gé e.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òòlù bà yín lọ́wọ́. Kí iṣẹ́ má wọ́n yín. Kí ó dá ẹ̀mí mi sí fún yín, kí a jọ hewú.

Èmi ni ìyàwó yín,
tí ẹ ń pè ní Adákẹ́jẹ́ẹ́.

Àfikún: Màá dá fóòmù náà padà sínú àpò, lẹ́tà yìí á wà lábẹ́ rẹ̀. Òòlù ti dákẹ́. Ẹ ń pè mí. Mo ní mò ń bọ̀, ẹ tún pè mí, ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ní ẹ fẹ́ bi mí ní nǹkan kan. Bóyá àlùmọ́gàjí tí mo mú lẹ ń wá. Àmọ́ tí kì í bá ṣe àlùmọ́gàjí, mo—