Èmi Ni Mo Pa Àkọsílẹ̀ Náà Rẹ́, Kì Í Ṣe Àáfà

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú ìfaradà òtútù tí Bùọ̀dá Káyọ̀dé ní ó ti mú yín lẹ́sẹ̀ l'Ékìtì níbẹ̀ yẹn. Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọ yín wà, bí ẹ ò tilẹ̀ rí mi. Mo kí Bàbá. Mo kí Bùọ̀dá àti ìyàwó wọn. Mo kí Àǹtí Bọ́sẹ̀, mo sì kí gbogbo ojúlé tó yí yín ká. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde síta, kí n má baà rí àyè yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ìbà l'Ékòó náà ni mo ṣì ń gbé, nínú yàrá kan lẹ́yìn Ẹ́sítéètì. Òjò ò jẹ́ ká sinmi. Tó bá ti rọ̀ láàárọ̀, ọwọ́ la fi ń gbé bàtà títí a ó fi dé títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kún ilé wa. Tí wọ́n bá ti gba ìsinmi, ilé á pa lọ́lọ́, á wá ku èmi àti onílé. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, mo lè lo Sátidé mọ́ Sọ́ńdè láìgbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ tí ẹ sọ mí.

Ẹ máa ń bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi gan-an, èmi á ní ẹ má yọnu, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ lónìí, torí bí n kò bá ṣàlàyé, ẹ ò ní mọ ohun tí mo ṣe. Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà lójú ọ̀nà tó ti Ìbà lọ sí Okokomaiko. Nígbà tí mo débẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni wọ́n ní, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kan kì í dákú. Mo sọ fún Dọ́kítà tó ni ibẹ̀ pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo, èyí tí à ń pè ní sáfà. Mo wá pín inú rẹ̀ bí ẹni pín ilé kan sí ojúlé mẹ́rin. Ojúlé kan ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, èkejì wà fún oògùn, ẹ̀kẹta fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ̀kẹrin fún owó oṣù. Olúkúlùkù ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló wà nínú ilé. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn, ìyókù ò ní mọ̀. Ọjọ́ tó ṣiṣẹ́, Dọ́kítà bọ̀ mí lọ́wọ́ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi kún owó mi. Òun ni mo fi ra páànù òrùlé ránṣẹ́ sílé.

Màámi, ẹni tó bá ń tọ́jú irú ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó sì máa ṣí ẹ̀dà náà wò bóyá ó pé. Ìwé kan wà tí mo ń fọwọ́ sí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Níbẹ̀rẹ̀, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Nígbà tó yá ó sú mi, mo kàn ń fọwọ́ sí i ni. Ẹ̀dà náà ti dáwọ́ dúró láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, n kò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, sáfà ní òun ti kún. Mo ti ṣe àwòkọ ojúlé àwọn aláìsàn tẹ́lẹ̀ láti fi dán nǹkan wò, kò sí orúkọ aláìsàn gidi kankan nínú rẹ̀, orúkọ tí mo sì fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti gidi. Àwòkọ yẹn ni mo fẹ́ parẹ́ kí àyè lè wà. Ebi ń pa mí, mò ń kánjú, n kò ka orúkọ náà dé ìparí. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ti gidi ló sì parẹ́. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ pé àwọn ò rí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sáré ṣí ẹ̀dà, èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó, kò sì ṣí.

Iná ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ láàárọ̀ yẹn ni, wọ́n ti tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí Dọ́kítà wọlé, wọ́n bi mí bóyá iná ló bà á jẹ́. Mo ní, ó jọ bẹ́ẹ̀, sà. Gbólóhùn kékeré yẹn ni.

Àáfà Mùṣílíù ló ń tan jẹnẹrétọ̀ wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gbà pẹ̀lú Bàbá, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n sì ti lò níbẹ̀. Àwọn ló kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ tó dára hàn mí nígbà tí mo dé. Dọ́kítà ránṣẹ́ pè wọ́n gòkè. Àáfà ṣàlàyé pé àwọn dúró kí ẹ̀rọ fara balẹ̀ kí àwọn tó yí iná sí i, bí àwọn ti máa ń ṣe. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, “Ọmọ Èkìtì, ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀? Jẹ́rìí mi.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Sáfà yẹn ò kú rárá láàárọ̀ yẹn. Bátìrì gbé e títí jẹnẹrétọ̀ fi dé. Mo wo ilẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, Dọ́kítà ti ní kí Àáfà máa lọ sílé. Àáfà kó ẹní ìkírun, kẹ́tù àlùwàlá àti sípánà wọn sínú àpò. Nígbà tí wọ́n ń kọjá lọ, wọ́n ní ó dàbọ̀, kí n má bọkàn jẹ́, àwọn mọ̀ pé ẹ̀rù Dọ́kítà ló bà mí.

Ọjọ́ kejì ni ẹ pè mí, Màámi, tí ẹ gbọ́ ohùn mi tí ẹ ní kí ló dé. Irọ́ kan náà ni mo pa fún yín. Mo ní ẹni tó ń tan iná ló ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, ẹ jọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí ọ̀tá ibi iṣẹ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn yín ti há, ẹ ní Ọlọ́run ti gbèjà mi. Mo ní àmín.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti inú bárékè àwọn sójà, ibà ń ṣe ọmọ náà. Ìyá ọmọ ti rìnrìn àjò. Nọ́ọ̀sì bi ìyá àgbà bóyá oògùn kan wà tí kò bá ọmọ lára mu. Ó ní òun ò mọ̀, ṣebí ó wà nínú ẹ̀rọ yín? Ó ti wà níbẹ̀ rí. Wọ́n fún ọmọ lábẹ́rẹ́. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi wú, tí èémí rẹ̀ ń há. Dọ́kítà fò wọlé. Ìyá àgbà ká ọwọ́ lórí, ó ń pe orúkọ ọmọ náà léraléra. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, n kò lè wọlé, n kò lè lọ. Ọlọ́run ló ṣe é, ọmọ náà padà bọ̀ sípò. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kúnlẹ̀ fún èmi náà.

Láti ibẹ̀ ni mo ti wọ yàrá Dọ́kítà lọ, mo jẹ́wọ́. Wọ́n wá béèrè pé ìwé tí mo ń fọwọ́ sí ńkọ́? Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ò ní lé mi, torí èmi ni màá tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n kí n dìde sọ ọ́ fúnra mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí n sì lọ wá Àáfà kàn. Mo sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Ní Okokomaiko, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ni ilé Àáfà wà. Ìyàwó wọn bu omi fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo pè wọ́n ní bàbá, mo ro ẹjọ́ mi. Àáfà ní ohun tó dun àwọn jù ni pé àwọn ti sọ fún àwọn ọmọ àwọn pé àṣìṣe ni, pé ọmọ Èkìtì yẹn kì í purọ́. Wọ́n ní àwọn dárí jì mí nítorí Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kí n má tíì pe àwọn ní bàbá.

Wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á ní kí wọ́n pe ọmọ Èkìtì kó wá jẹ́rìí. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá dúró tì wọ́n títí ẹ̀rọ á fi fara balẹ̀, wọ́n á mi orí, màá padà gòkè. Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì ń tú káàdì àtijọ́ látinú páálí, à ń kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ò tíì dé ìdajì. Ẹ̀dà ti wà ní ilé mìíràn báyìí, ẹni méjì ló sì ń ṣí i wò. Ṣùgbọ́n àwọn aláboyún kan wà tí ohun tí wọ́n ti wọ̀n fún wọn láti oṣù mélòó kan ò sí lórí ìwé kankan. Ìyẹn ti lọ.

Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí létí àwọn ìyá ìjọ, kí ẹ má fo ibì kankan. Ọ̀tá tí ẹ gbààwẹ̀ sí, ọmọ yín ni. Ọkùnrin tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn, Mùṣílíù lorúkọ rẹ̀, ó láya, ó bímọ, kò ṣẹ̀ mí rí. Mo mọ̀ pé ojú á tì yín. Ẹ foríjì mí. Tí ẹ bá tún kúnlẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì tọrọ ohun rere fún un.

Kí Ọlọ́run mú ẹsẹ̀ yín le, kí ó fi Bàbá sílẹ̀ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, títí kan àwọn tí kò ní fẹ́ gba ìkíni mi mọ́.

Èmi ni ọmọ yín tí ojú ń tì,
Fọlákẹ́mi