Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Nǹkan Lẹ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ẹni tó ń ṣọ́ ọ láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́ kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Èmi bàbá rẹ wà, ẹ̀yìn ló ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ayùn kò tíì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo rí oògùn tí o fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ gbà. Ohùn rẹ tí o fi sínú fóònù náà dé. Mo kí ọ, o kò dáhùn, ọ̀rọ̀ rẹ nìkan lo ń sọ lọ. Mo tún tẹ̀ ẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ mi rárá. Ó dùn mí, àmọ́ a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí, mo fi sùúrù gbọ́ ọ tán. O ní oògùn apakòkòrò kò ran kòkòrò inú ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, pé èyí tí ẹ̀yin ń ṣe níbi iṣẹ́ yín kì í pa á, kò kàn ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ara àpò ìtọ̀ ni, yóò sì bá ìtọ̀ jáde. O ní dókítà rẹ̀ ti fọwọ́ sí i, kó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kíá.

Ọmọ mi, káfíńtà ni mí. Ohun tí kì í jẹ́ kí nǹkan lẹ̀, ọ̀tá mi ni. Oyún wà nínú àbúrò rẹ, kí ló sì mú oyún dúró bí kò ṣe pé ó lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀? Ta ni yóò júwe fún oògùn pé kòkòrò nìyí, ọmọ nìyẹn? Kí n má baà dá ọ lẹ́jọ́ lásán, mo lọ ọ̀kan nínú oògùn náà kúnná, mo pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù, mo fi lẹ pákó méjì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti tú. Mo kó oògùn náà pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì sọ fún un pé kò tíì dé.

Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù kò rí bákan náà mọ́. Ọmọ́nlé já bọ́ lára ògiri, ó tún gùn ún, ó tún já. Àga tí mo kàn fún ìyá rẹ kó tó kú tú lójú mi, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ibùsùn tí mo ń kàn fún ọmọ tó ń bọ̀, bí mo bá kan ẹsẹ̀ kan mọ́ ọn, èkejì á yọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo dúpẹ́ pé n kò jẹ́ kí nǹkan yìí wọ inú ọmọ mi.

Àbúrò rẹ kí ọ. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, ó ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun wọ egungun. Láàárọ̀ yìí ó béèrè pé ta ló ń kan nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n ra gọ́ọ̀mù tuntun, kí n sì ra oògùn tó ń pa nǹkan, èyí tí ojú wa mọ̀.

Mo tún tẹ ohùn rẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dà bíi pé o wà nílé. Àbúrò rẹ gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó ní, ṣé oògùn òun ti dé nígbà náà. Mo yára fi fóònù sápò. Ó ti dákẹ́ báyìí, mo rò pé ó sùn. Mo ń gbọ́ ibùsùn ọmọ náà tó ń tú ní ṣọ́ọ̀bù.

Ohun rere yóò lẹ̀ mọ́ ọ, ọmọ mi. Ohun tí o bá fọwọ́ mú kò ní tú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ