Wọ́n Ní Ọwọ́ Mi Há

Ìyá mi, ẹ kú ilé. Ohùn ni mo fi ránṣẹ́ lónìí, torí títẹ fóònù ti sú mi.

Olùkọ́ gìtá mi, tí ìka rẹ̀ ń rìn lórí okùn bí èèrà tí kò jẹun, ní, "Ọwọ́ rẹ há jù, o ń fún okùn lọ́rùn. Dẹwọ́." Èmi tí gbogbo ilé ń jẹ lára mi ni ọwọ́ mi há? Ọ̀lẹ ló ń dẹwọ́. Mo tún tẹ okùn le sí i.

Ara mi le dáadáa. Alábàágbé mi, aláṣejù, ló bá mi de bọ́tìnì ẹ̀wù láàárọ̀.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Tó bá ń fi gìtá mi tó wà nílé kọ́ṣẹ́, ẹ ní kó rọra máa tẹ okùn.